Sọ́fítíwíà wo ló dáa láti fi kọ tab gìtá, kéèyàn sì lè fi ka ti ẹlòmíràn?

OkùnMẹ́fà:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà onígìtá àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọdún méjì ààbọ̀ tí mo ti ń ta gìtá, ìka lásán ni mo fi ń ta á, mi ò lo pick rárá, mo sì ti ń ṣe orin tèmi náà, kékeré kékeré, bó bá ṣe wá sí mi lọ́wọ́ ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà sá lọ. Áàpù kan lórí fóònù ni mo fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo pààrọ̀ fóònù ni áàpù yẹn kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn tó ṣe é ti pa á tì tipẹ́, orin mẹ́rìnlá tí mo ti kọ wá há sínú fáìlì tí kò sí nǹkan míì tó lè ṣí i. Mò ń rí àwọn fáìlì náà o, orúkọ orin kọ̀ọ̀kan wà lára wọn, wọn ò kàn ṣe é kà ni. Ó dùn mí wọra. Mẹ́sàn-án péré ni ìka mi ṣì rántí nínú mẹ́rìnlá.

Látìgbà yẹn mo ti padà sí kíkọ ọ́ bí ìwé lásán, ìyẹn tab, ìlà mẹ́fà fún okùn mẹ́fà, nọ́ńbà fret (àyè tí ìka ń tẹ̀ lórí ọrùn gìtá) lórí ìlà, bíi báyìí:

e|----------------0--|
B|----------1--------|
G|-------0-----0-----|
D|----2--------------|
A|-3-----------------|
E|-------------------|

Lójú tèmi ó dáa. Ìgbà tí mo wá fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ta á, àwọn nọ́ńbà ti rìn kúrò láyè wọn lórí fóònù tiẹ̀, ìlà kan gùn ju èkejì lọ, 2 tó yẹ kó tẹ̀lé 3 ti wá jókòó lé e lórí gẹ́lẹ́, ó bá ń ta méjèèjì pa pọ̀, ó wá ní orin náà kò yé òun.

Ohun tí mò ń wá ò pọ̀. Kí n lè kọ tèmi, kí n gbọ́ ohun tí mo kọ kí n lè mọ̀ tí mo bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀, kí n lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí n sì lè ṣí èyí táwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí mi, torí ẹnìkan á fi .gp5 ránṣẹ́, ẹlòmíràn á fi .gpx, òmíràn á kàn jẹ́ .gp lásán, mi ò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Lápútọ́ọ̀pù mi ti pẹ́ díẹ̀, RAM rẹ̀ ò ju 4GB lọ. Mi ò kọ̀ láti sanwó tó bá tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ sanwó tán kí n tún wá sunkún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌkaWúrà:

Songsterr. O ò ní dáńlóòdù nǹkan kan, wàá kàn ṣí i lórí browser, wàá wá orúkọ orin, á máa ta á, á sì máa sún lọ lójú rẹ. Àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tì pa àfi téèyàn bá sanwó, ṣùgbọ́n láti kà nìkan, ó tó.

OkùnMẹ́fà:

O ṣé gan-an. Mo máa ń lò ó láti fi kọ́ orin àwọn gbajúmọ̀, òótọ́ ni, ó dáa. Àmọ́ orin tèmi ni ìṣòro mi báyìí, ibi tí màá kọ ọ́ sí tí kò ní bá fóònù kú mọ́ ni mò ń wá.

BàbáGìtá:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Orin mẹ́rìnlá kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kí n tó dárúkọ sọ́fítíwíà kankan, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìlà mẹ́fà tó o kọ sókè yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo gbé gìtá, mo ta á. Nóòtì mẹ́fà ni. Mo kọ́kọ́ ta á ní mẹ́ta-mẹ́ta, mo tẹnu mọ́ ìkíní àti ìkẹrin, ó ń fì bí ìyá tó pọnmọ tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo tún ta á ní méjì-méjì, mo tẹnu mọ́ ìkíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, ó di orin míì pátápátá. Mo tún wá fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ kó máa dún lọ, ìyẹn náà tún yàtọ̀. Orin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú nọ́ńbà mẹ́fà péré, èwo ni tìrẹ nínú wọn? Ohun tó o kọ ò sọ fún mi. Ó sọ okùn tí n ó ta, ó sọ fret tí n ó tẹ̀, kò sọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe máa pẹ́ tó. Tí ìwọ fúnra rẹ bá sì padà sí i lẹ́yìn ọdún kan tí ìka rẹ ti gbàgbé, kò ní sọ fún ìwọ náà. Ìyẹn ni pé ká ní nọ́ńbà ò tiẹ̀ rìn kúrò láyè lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ, orin yẹn ṣì lè má yé e.

Àwọn kan gbà pé bí tab ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Tab ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé, kódà ó ti wà kí irú gìtá tí à ń ta yìí tó dé. Lọ́dún 1507, ní Venice, Ottaviano Petrucci ti ń tẹ ìwé tab jáde fún lute (ohun èlò olókùn àtijọ́ kan tó jọ gìtá), ìlà mẹ́fà pẹ̀lú nọ́ńbà bíi tiwa gẹ́lẹ́, wọ́n sì to àmì sókè orí àwọn nọ́ńbà náà tó ń sọ bí ohùn ṣe máa pẹ́ tó. (Tiwọn doríkodò sí tiwa, okùn tí ohùn rẹ̀ ga jù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tó o bá rí irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, má ṣe rò pé wọ́n ṣì í kọ.) Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíbọ́ọ̀dù lásán kọ tab ránṣẹ́ síra wa la sọ àmì yẹn nù.

Torí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò lára sọ́fítíwíà tab ni bóyá ó máa fi dandan mú mi sọ bí nóòtì ṣe máa pẹ́ tó. Èkejì, tí sọ́fítíwíà yẹn bá kú lọ́la, kí ló tún lè ṣí fáìlì mi? Ìwọ ti fojú rí èkejì yẹn, mi ò ní máa tún un sọ. Bí ohùn rẹ̀ ṣe dùn tó àti bí ojú rẹ̀ ṣe dán tó, ìyẹn wà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ .gp5 àti .gpx tó o béèrè, Guitar Pro ló ni gbogbo wọn, iléeṣẹ́ kan ní Faransé tó ń jẹ́ Arobas Music ló ń ṣe é láti 1997. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn gp ni nọ́ńbà ẹ̀dà, .gp3 fún ẹ̀dà kẹta, .gp4 fún ìkẹrin, .gp5 fún ìkarùn-ún. Nígbà tí ìkẹfà jáde ní 2010, wọ́n sọ ọ́ di .gpx, nígbà tí ìkeje dé ní 2017 ó wá di .gp lásán, bó sì ṣe wà títí di ìkẹjọ nìyẹn. Tuntun ń ṣí ti àtijọ́, ti àtijọ́ kì í ṣí tuntun. Tí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹ tó ò sì mọ ohun tó máa ṣí, ní kí wọ́n fi .gp5 ránṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó ń ka tab tí kò mọ .gp5.

Fún lápútọ́ọ̀pù tìrẹ, TuxGuitar ni kó o kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ó sì fúyẹ́. Ó ń ṣí fáìlì Guitar Pro, ó sì lè fi tìrẹ pa mọ́ bíi .gp5, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ojú rẹ̀ ò dán, ohùn rẹ̀ ò dùn púpọ̀ fúnra rẹ̀ àfi téèyàn bá wá soundfont (fáìlì ohùn àwọn ohun èlò orin) tó dáa fún un, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

MuseScore náà ọ̀fẹ́ ni, kóòdù tiẹ̀ náà wà ní gbangba. Nóòtì orin gidi làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, àmọ́ láti ẹ̀dà 4.2 tó jáde ní December 2023 ni wọ́n ti tún ọ̀nà gìtá rẹ̀ ṣe dáadáa, ó ti ń kọ bend (kéèyàn fa okùn kí ohùn rẹ̀ gòkè) bó ṣe yẹ, ó sì ń ta á bó ṣe yẹ. Ó lè to nóòtì gidi sókè kí tab wà nísàlẹ̀, tó o bá yí ọ̀kan, èkejì á yí. Ó ń ṣí fáìlì Guitar Pro, àmọ́ kì í fi pa mọ́ padà bíi Guitar Pro o, MusicXML (fáìlì orin tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà lè kà) ló ń fún ẹ, àti PDF, àti MIDI (fáìlì tó ń sọ ohùn tí kọ̀ǹpútà máa ta). Àwọn ohùn ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Muse Sounds yẹn, má gbé e sórí 4GB, á kàn máa fà ni. Nǹkan kan tún wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú: sọ́fítíwíà tó o máa gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ìkànnì musescore.com tí wọ́n ti ń pín orin ló ń ní kéèyàn máa san àsansílẹ̀. Méjì ni wọ́n. Tí ibì kan bá ti ń béèrè nọ́ńbà káàdì rẹ kó o tó kọ nóòtì kan, o ti ṣìnà, padà sẹ́yìn.

Èmi ń lo méjèèjì. TuxGuitar ni mo fi ń ṣí ohun táwọn ọmọ tí mò ń kọ́ bá gbé wá, MuseScore ni mo fi ń kọ tiwọn fún wọn, torí kì í gbà kí bar kan (ìpín orin tó ní iye kíkà tirẹ̀) lé tàbí kó dín. Ibi tó o bá fi sílẹ̀, á fi àmì ìdákẹ́ dí i, wàá sì rí i kedere pé nǹkan kù tó ò tíì sọ.

Iná_Ẹlẹ́ńtíríìkì:

Ẹ kú àlàyé bàbá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo fara mọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n gbèjà Guitar Pro díẹ̀ torí kò yẹ ká kàn dárúkọ fáìlì rẹ̀ ká kọjá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń sanwó rẹ̀, kì í ṣe oṣooṣù, wọ́n sì ń jẹ́ kéèyàn dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó rà á. Ohun tó mú mi dúró ni bó ṣe yá lọ́wọ́, àmì ọfà ni wàá fi rìn lórí okùn, wàá tẹ nọ́ńbà fret, wàá fi + àti - yí bí ó ṣe máa pẹ́ tó padà, ìka rẹ ò ní kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, nígbà tó bá ti mọ́ ẹ lára tán, orin á máa jáde bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ bar tí bàbá sọ, tiẹ̀ ń di pupa ni. Tó o bá ti rí pupa, o ti ka nǹkan ṣì, tún un kà.

Gìtá oníná ni mò ń ta ní tèmi, mo ní gìtá méjì, bass àti ìlù nínú orin kan, Guitar Pro ń gbé gbogbo ẹ̀ lójú kan. Tí mo bá fẹ́ kọ́ ibi tó le, màá yan bar mẹ́rin, màá ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì eré kó máa yára díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti yí po, mo lè jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko. Ẹ̀dà kẹjọ tún ń jẹ́ kéèyàn ki ohùn tó gbà sílẹ̀ bọ inú ẹ̀ kí tab máa bá a rìn.

OkùnMẹ́fà, gìtá kan ṣoṣo tí wọ́n ń fìka ta, kò pọn dandan kó o rà á, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Tó o bá máa rà á lọ́jọ́ iwájú ṣá, ti kọ̀ǹpútà ni kó o rà. Ti fóònù wà, fún kíkà ló dáa, kì í ṣe ohun téèyàn máa fi kọ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Onídùùrù:

Mo kàn ń kọjá lọ ni o, dùùrù ni mò ń tẹ̀, àmọ́ orin kíkọ sórí kọ̀ǹpútà niṣẹ́ mi, ohun kan wà tí kò tíì sẹ́ni tó kìlọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹnìkan máa tó sọ fún ẹ pé kó o fi orin rẹ pa mọ́ bíi MIDI kó má baà sọnù. Má gbẹ́kẹ̀ lé e. MIDI mọ ohùn, kò mọ okùn. Wo nóòtì tó kẹ́yìn nínú ìlà rẹ yẹn, 0 lórí okùn kìíní. Ohùn yẹn kan náà wà ní fret 5 lórí okùn kejì, ó wà ní 9 lórí ìkẹta, 14 lórí ìkẹrin, 19 lórí ìkarùn-ún, tí ọrùn gìtá bá sì gùn dé 24, ó wà lórí ìkẹfà náà. Ibi mẹ́fà! Tó o bá ṣí MIDI padà sínú tab, sọ́fítíwíà á kàn méfò ni. Tó bá wá mú fret 5 okùn kejì, ìka rẹ tó wà ní fret 1 lórí okùn yẹn kan náà á ní láti fò, ohùn tó yẹ kó ṣì máa dún níbẹ̀ á kú, okùn kìíní tó o fẹ́ kó dún gbayawu kò sì ní dún. Nóòtì pé, orin ti bà jẹ́.

MusicXML yàtọ̀. Ó láyè tí wọ́n ń kọ okùn àti fret sí fún nóòtì kọ̀ọ̀kan, ó láyè fún bí ó ṣe pẹ́ tó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ́fítíwíà orin ló sì gbọ́ èdè rẹ̀, Guitar Pro pẹ̀lú. Ẹ wo Finale, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ orin. Láti 1988 ló ti wà, àwọn tó ń fi kọ orin jẹun kún ayé, ní August 2024 àwọn tó ni ín kéde pé àwọn ò ní tún un ṣe mọ́. Àwọn tó ní MusicXML orin wọn lọ́wọ́ kàn gbé e lọ sínú òmíràn. Àwọn tí kò ní in ni ìdààmú bá, wọ́n ń ṣí iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fà á yọ kí kọ̀ǹpútà tó ń ṣí i tó bàjẹ́. Torí náà kì í ṣe áàpù kékeré orí fóònù nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá.

Tó o bá parí orin kan, fi pa mọ́ lọ́nà mẹ́ta: fáìlì sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀, MusicXML, àti PDF. PDF ò ṣe é tún kọ, àmọ́ ojú á ṣì lè kà á nígbà tí gbogbo nǹkan míì bá kọ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń lo LilyPond, wọ́n á tẹ orin bí ọ̀rọ̀ lásán, òun á wá yà á bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, ó rẹwà gan-an ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí mo máa ní kí ẹni tó ń wá orin tó sọnù ti bẹ̀rẹ̀.

ÌkaWúrà:

Ah, mi ò mọ ọ̀rọ̀ MIDI yìí rí o, ó ti ṣe mí rí tí mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ni ò mọ gìtá ta! Ẹ ṣé o. OkùnMẹ́fà, tó o bá ti ya fídíò ara rẹ rí níbi tó o ti ń ta àwọn orin yẹn, Soundslice ń jẹ́ kéèyàn so tab mọ́ fídíò, kí méjèèjì jọ máa rìn, wàá lè dẹwọ́ eré ẹ̀. Ó lè bá ẹ rántí èyí tó sọnù.

OkùnMẹ́fà:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbé TuxGuitar sórí ẹ̀. Ó ṣí .gp5 ọ̀rẹ́ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ kò dún, ìlà ń rìn, nóòtì ń tàn, ohùn ò jáde. Inú ibi ètò ohùn ni ìṣòro wà, ibi tí wọ́n ti ń yan MIDI port, kò sí nǹkan tí wọ́n yàn níbẹ̀, bí mo ṣe yàn án báyìí ló dún. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn má baà jókòó tì í fún wákàtí méjì bíi tèmi.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí MuseScore, mo sì kọ ìlà mẹ́fà yẹn sínú ẹ̀. Bàbá, mẹ́ta-mẹ́ta ni. 6/8, kíkà mẹ́fà nínú bar kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ta á yẹn gan-an ni tèmi. Mo kọ bar kìíní, ìkejì, ìkẹta, gbogbo ẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ní ìkẹrin, nóòtì mi ò gba inú ẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ń dà sínú bar tó tẹ̀ lé e. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, bákan náà ni. Mo gbé gìtá, mo ń ta á mo sì ń fi ẹsẹ̀ kà á, ìgbà yẹn ló tó yé mi: ní gbogbo bar kẹrin mo máa ń dúró díẹ̀ lórí nóòtì tó gbẹ̀yìn kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti rò pé mò ń mí níbẹ̀ ni. Kà á ni mo kà á, mẹ́ta gbáko ni mò ń fi kún un, kì í yẹ̀ rárá, lójoojúmọ́ ni. Mo sọ bar yẹn di 9/8, gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti ń ta orin yẹn, mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn.

Mo fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó ta á, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù ó fi ránṣẹ́ padà, ó sì dúró níbi tó yẹ kó dúró.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo máa ń fi capo (ohun tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá kí ohùn wọn lè gòkè) sí fret 2 nínú àwọn orin kan. Ṣé láti orí gìtá ni kí n máa ka nọ́ńbà ni àbí láti ibi capo?

BàbáGìtá:

Láti ibi capo. 0 ni okùn tí ìka kankan ò tẹ̀, ibi yòówù tí capo bá wà. Kọ ọ́ sókè ìwé pé capo wà ní fret 2, kó o sì sọ ọ́ fún sọ́fítíwíà náà, tó ò bá sọ ọ́, á máa ta á ní fret méjì sísàlẹ̀ sí tìrẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ bá ohùn tó gbọ́ rìn á máa ṣì í ta. Tó bá jẹ́ pé tuning lo yí padà ńkọ́, bíi kó o dẹ okùn kẹfà sílẹ̀ sí D, ṣètò ìyẹn kó o tó kọ nóòtì kankan o, kì í ṣe lẹ́yìn tó o bá kọ ọ́ tán.

9/8 yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an. Má yọ ọ́ kúrò.

OkùnMẹ́fà:

Ẹ ṣé gan-an ni sà. Mi ò ní yọ ọ́.

Mẹ́sàn-án ni mo sọ lọ́jọ́sí pé ìka mi rántí. Lálẹ́ àná, ibi tí mo ti ń kọ ìkarùn-ún ni mo ti ṣèèṣì tẹ fret 3 dípò 1, mo ní kó ta á fún mi kí n gbọ́ bóyá ó tọ̀nà, bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó sọnù sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi ìkarùn-ún sílẹ̀, mo kọ ọ́ tán kí n tó sùn, fáìlì mẹ́ta mẹ́ta bí Onídùùrù ṣe wí. Ó ku mẹ́rin.